Ọwọ́ Òsì Tó Ń Kọ Tíì

Ẹni tó bá ti gbọ́ orin Golnesa rí lóko òdòdó Kamsar kò ní gbà pé obìnrin yẹn lè dákẹ́ fún odidi àárọ̀ kan. Bó ń já òdòdó róòsì, orin ni. Bó ń dáná sábẹ́ ìkòkò bàbà tí wọ́n fi ń se omi òdòdó, orin ni. Àní bó bá ń bá ọkọ rẹ̀ jà, orin ló fi ń bú u, ọkọ á sì gbàgbé ìjà, á máa fi ẹsẹ̀ gbalẹ̀ tẹ̀lé e. Ó wá di ọdún kejì báyìí tí Golnesa ti dùbúlẹ̀ sí yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní ìlú Kaṣan nílẹ̀ Iran, nílé Siyamak ọmọ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ hùn lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ló dí nínú ọpọlọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, níbi tó ti ń da omi gbígbóná sórí ewé tíì. Nígbà tó máa fi lajú ní ọsibítù, ara rẹ̀ ti di ilé tí wọ́n kan gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ pa mọ́ onílé. Ó ń gbọ́ràn ketekete. Ìró bàtà ló fi ń mọ ẹni tó wọlé. Bí ìrẹsì bá fẹ́ jóná nílé ìdáná, imú rẹ̀ á ti mọ̀ kí Monir, ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ò gbé, ẹsẹ̀ ò gbé, ahọ́n sì sùn sílẹ̀ lẹ́nu bí nǹkan tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Ojú ò ṣeé yí. Ìpéǹpéjú ń ṣẹ́ nígbà tó bá wu ìpéǹpéjú, kì í ṣe nígbà tó bá wu Golnesa. Rọ́bà tí wọ́n kì bọ inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń fún un lóúnjẹ.

Dókítà kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nígbà yẹn, ó ń sọ fún Siyamak pé kó fọkàn balẹ̀, pé ìyá rẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ó kàn ń mí ni. Golnesa dá a lóhùn láti inú lọ́hùn-ún. Èsì tó fún un, a ò lè kọ ọ́ sínú ìwé tí ọmọdé máa kà.

Bó bá sì sunkún, Monir á sáré wá, á fi aṣọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ nu ojú rẹ̀, á ní atẹ́gùn ló ń ta á lójú, á wá ti fèrèsé. Bẹ́ẹ̀, fèrèsé yẹn nìkan ni ohun tí Golnesa fẹ́ràn nínú yàrá náà. Nítorí náà ó kọ́ bí a ti ń fi ẹkún pamọ́, kí wọ́n má baà ti fèrèsé mọ́ ọn. Ẹ wo irú ìgbésí ayé tó jẹ́ pé ẹkún gan-an ti di ohun tí èèyàn ń ṣọ́ ná.

Orin ò fi í sílẹ̀ o. Orin ń hó nínú rẹ̀ bí omi òdòdó nínú ìkòkò tí wọ́n fi amọ̀ lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Àmọ́ ìkòkò tiwa ní ọ̀pá tí ooru ń gbà jáde sínú ìgò. Tirẹ̀ ò ní.

Èyí tó wá ń pa á jù ni ti Turan.

Turan ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin. Ọkọ ti kú tipẹ́, orí àwọn méjèèjì ti funfun bí òwú, síbẹ̀ “ìyàwó wa” ni Turan ṣì ń pè é, bí ẹni pé àná ni wọ́n gbé e wọlé. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń wọ ọkọ̀ láti Kamsar wá kí i. Á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á da tíì, á gbé ife kan sábẹ́ imú Golnesa kó lè gbóòórùn rẹ̀, nítorí pé kò sí bó ṣe lè mu tíì níwájú ìyàwó wọn kó má fi lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà á kọrin àwọn olùjá-òdòdó:

*Òdòdó, òdòdó, jí kí oòrùn tó jí,*
*Ìrì ṣì wà lójú rẹ, mo ti dé.*
*Ọwọ́ tó ń já ọ ló ń gbé ọ relé.*

Kò kọ ọ́ pé. Láàárín ìrì àti ọwọ́, ìlà kan wà níbẹ̀: *Má fi ẹ̀gún bá mi jà.* Láti ọdún tí Golnesa ti wọlé ọkọ ni òun àti Turan ti ń fa ìlà yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́. Turan ní kò sí i nínú orin, pé abúlé ìyá Golnesa ló lọ fi aṣọ èérí kún ẹrù ẹlẹ́rù. Golnesa ní ẹni tí ìyá rẹ̀ bá gbàgbé orin, kò lè kọ́ ọmọ. Wọ́n fi ìjà yìí já òdòdó, wọ́n fi ìjà yìí se oúnjẹ òkú, wọ́n fi í gbé ìyàwó fún Siyamak.

Báyìí, kò sẹ́ni tó ń bá Turan jà. Bó bá dé ibi tí ìlà náà yẹ kó wà, á dúró díẹ̀, fẹ́rẹ́ báyìí, bí ẹni tó fi etí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Golnesa ń gbọ́ ìdúró yẹn. Á gbá gbogbo agbára rẹ̀ jọ, á ta ara mọ́ ògiri inú ara rẹ̀ bí ẹyẹ tó há sínú iyàrá. Kò sí nǹkan tó máa jáde. Turan á mí kanlẹ̀, á fo ìlà náà, á kọrin lọ.

Ìgbà òjò ọdún tó kọjá ni àwọn èèyàn yunifásítì kan gbé ẹ̀rọ wá láti Tehran. Dókítà Mandana ló ṣáájú wọn, obìnrin tí kò tíì pé ọmọ ogójì, tó máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Wọn ò la orí ẹnikẹ́ni. Fìlà rọ́bà kan ni, tó kún fún ojú irin wẹ́wẹ́, wáyà sì ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ bí irùngbọ̀n ewúrẹ́. Wọ́n fi òróró kan tó tutù bíi wàrà kíkan sí abẹ́ irin kọ̀ọ̀kan, wọ́n dè é mọ́ Golnesa lórí, wọ́n so wáyà mọ́ kọ̀ǹpútà. Mandana tẹríba sí i létí, ó bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ohun tí kò sẹ́ni tó ti ṣe fún un láàárín àwọn oníṣègùn. Ó ní bó bá fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kó rò ó lọ́kàn pé òun ń fi ọwọ́ ọ̀tún di nǹkan mú. Bó bá sì fẹ́ kọ̀, kó rò ó pé òun ń fi ọwọ́ òsì ti nǹkan sẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà á gbọ́ ọwọ́ tó gbé nínú èrò, á sì sọ ọ́ jáde.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ra wọn, òun àti ẹ̀rọ náà. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, Golnesa ń já òdòdó lọ́kàn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń wọ inú ìrì, àtàǹpàkò àti ìka ń pàdé nídìí òdòdó, ó ń gé e. Ọwọ́ òsì ń ti, ó ń ti. Títí di ọjọ́ tí Mandana béèrè bóyá Golnesa ni orúkọ rẹ̀, tí ohùn ọkùnrin kan bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn sì jáde látinú kọ̀ǹpútà:

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Inú Golnesa ò kọ́kọ́ dùn sí ohùn yẹn. Ọkùnrin! Òun tí wọ́n ń torí ohùn rẹ̀ pè láti abúlé dé abúlé. Ṣùgbọ́n ó rí Siyamak, ọkùnrin gìrìwò, tó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì tó gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, ó sì dárí ji ohùn náà. Mandana tún béèrè, láti fi dá a lójú, bóyá Siyamak ni àkọ́bí rẹ̀. Ohùn ọkùnrin náà ní rárá. Mandana fẹ́ máa tún wáyà ṣe, ó rò pé ẹ̀rọ ló ṣìṣe. Siyamak gbé orí sókè, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òótọ́ ni ìyá òun sọ. Ọmọbìnrin kan ti wá ṣáájú òun, kò gbé ju ìgbà òtútù kan lọ, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ nínú ilé.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti gba Golnesa gbọ́ pátápátá, pàápàá rárá rẹ̀. Ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Nílẹ̀ wa, ẹni tí a gbé tíì fún tó sì na ọwọ́ gbà á lójú ẹsẹ̀, wọ́n á béèrè ilé tó ti wá. O kọ́kọ́ máa kọ̀. Wọ́n á rọ̀ ọ́. O tún máa kọ̀. Wọ́n á fi ẹ̀mí ara wọn bẹ̀ ọ́. Ìgbà yẹn lo máa wá gbà á, pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n fi ìyà jẹ. Táárófù là ń pè é. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ti Golnesa yàtọ̀. Òun àti Turan ti dúró rí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ Kamsar, ìwọ lo máa kọ́kọ́ wọlé, rárá ìwọ ni, títí onílé ìwẹ̀ fi jáde wá ti ilẹ̀kùn, tó ní omi ti tutù, kí àwọn méjèèjì máa lọ sílé.

Siyamak wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ náà yangàn fún àwọn àlejò. Ó ní ẹnu ló ń ṣe táárófù, ẹ̀rọ yìí ò sì gba ọ̀dọ̀ ẹnu kọjá. Ohun tó wà nínú ìyá òun gan-an ló ń gbé jáde, láìfi ìyẹ̀fun kùn ún. Mandana rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni, pé bóyá òun nìkan ni ará Iran tó ń gbọ́ òótọ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Golnesa náà gbọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbà á gbọ́.

Ìdánwò tí wọ́n torí rẹ̀ gbé ẹ̀rọ wá parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òdòdó. Mandana ṣàlàyé fún wọn pé ó ku ìbéèrè kan. Bí Golnesa bá fẹ́, ẹ̀rọ náà á máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn á máa wá, wọ́n á sì kọ́ ọ ní ábídí lórí rẹ̀, kó lè máa to ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá kọ̀, àwọn á gbé ẹ̀rọ lọ fún ẹlòmíràn tó ń dúró dè é. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tí kò lè dìde kó sá, wọn kì í rọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni Golnesa mú nínú gbogbo rẹ̀. Ábídí! Ó kàwé díẹ̀ rí, ìwọ̀n tó lè ka orúkọ ara ìgò omi òdòdó. Díẹ̀ yẹn tó. Ó ti mọ ìlà tó máa kọ́kọ́ tò.

Mandana, ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni. Ìyẹn ló ba ọ̀ràn jẹ́. Kò lè dúró níwájú àgbàlagbà kó máa béèrè ọ̀rọ̀ gbígbẹ bí ọlọ́pàá lójú irú ọjọ́ báyẹn. Ó bọ́ síwájú, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹríba díẹ̀.

“Ìyá, ẹ̀rọ yìí ò tó ohun tó yẹ ká gbé síwájú yín. Tiyín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ó gbà á lọ́wọ́ wa?”

Bí ẹni gbé àwo súìtì síwájú àlejò gan-an ló ṣe sọ ọ́. Kí Golnesa tó rò ó, ọwọ́ òsì tó wà nínú ọkàn rẹ̀, ọwọ́ tó ti ń ti àwo padà láti ìgbà èwe rẹ̀, ti dìde pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ti tì í.

“Rárá,” ni ohùn ìròyìn wí.

Ẹ̀rù ò tilẹ̀ bà á. Ó kàn dúró de ìgbà kejì ni, bó ti yẹ.

Ìgbà kejì ò dé. Siyamak bojú wo fèrèsé. Mandana ní àwọn ti gbọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, ó na ọwọ́, ó pa ohùn ẹ̀rọ. Nígbà yẹn ni Golnesa tó mọ ohun tó ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í já òdòdó. Ó ń já a pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, ó ń já tewé tewé, tẹ̀ka tẹ̀ka, ó ń fa igi náà tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò. Ẹ̀rọ ti sùn. Wọ́n tú fìlà kúrò lórí rẹ̀, Monir fi omi gbígbóná fọ òróró kúrò nírun rẹ̀, ó rọra ń fọ̀ ọ́, ó ń sunkún sínú abọ́.

Ohun tó tẹ̀lé e burú ju àìsàn lọ. Nígbà àìsàn, ẹlòmíràn ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Èyí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tì í, pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. Ó gbọ́ tí Siyamak ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé ìdáná, pé bóyá àwọn ló sú ìyá òun, pé ó lè jẹ́ pé kò tilẹ̀ ní ohun tó fẹ́ bá àwọn sọ. Monir ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Siyamak ní ẹ̀rọ kì í purọ́. Golnesa fẹ́ lọgun pé ọmọ mi, ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù láyé, ìwọ tí o rántí ẹ̀gbọ́n rẹ tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ. Ẹkún dé. Monir wọlé, ó nu ojú rẹ̀, ó ti fèrèsé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni Mandana padà wá kó ẹrù. Ó ní ó ku kinní kékeré kan: kí òun gbé fìlà lé ìyá lórí fún ìgbà ìkẹyìn, kí ẹ̀rọ gbọ́ bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń sinmi. Òun ò sì ní í bi í ní nǹkan kan, nítorí òfin ò gbà á mọ́. Àpótí ẹ̀rọ ti wà ní ṣíṣí nílẹ̀, pẹ̀lú tìmùtìmù dúdú tí wọ́n ti gbẹ́ ihò fìlà sí.

Bó ṣe tan ẹ̀rọ báyìí, ohùn rẹ̀ jí pẹ̀lú rẹ̀. Golnesa sì ti ń dúró dè é.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni ẹ̀rọ wí. “Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni.”

Siyamak yíjú padà wàrà. Mandana mi orí, àánú ń ṣe é. Ó ní kó má fi ìyẹn da ara rẹ̀ láàmú, pé ẹ̀rọ tí a ò bi ní nǹkan kan, bó bá sọ̀rọ̀, ariwo lásán ni. Ó na ìka sí ibi tí wọ́n ti ń pa ohùn náà.

Ilẹ̀kùn ṣí, Turan wọlé.

Ìwà tó ti Golnesa mọ́lé náà ló wá dá ìka yẹn dúró, nítorí pé kò sí bí ọmọ tó bá ní ẹ̀kọ́ ṣe lè máa tẹ kọ̀ǹpútà nígbà tí àgbàlagbà wọlé. Mandana dìde. Turan ní kó jókòó. Mandana ní láéláé. Turan béèrè ìyá, béèrè bàbá, béèrè ilé, béèrè ọ̀nà. Ó gbé ìgò omi òdòdó tuntun kalẹ̀, ó da òdòdó tútù kún orí bùláńkẹ́ẹ̀tì Golnesa, gbogbo iyàrá sì gba òórùn Kamsar. Ó ti gbọ́ pé ìyàwó wọn kọ ẹ̀rọ. Inú rẹ̀ ò bàjẹ́ sí i, kò fẹ́ràn ẹ̀rọ náà látìbẹ̀rẹ̀, kò sì wọ iyàrá yẹn rí nígbà tí fìlà bá wà lórí, torí Siyamak ti ní kí wọ́n má pariwo. Ó wo Golnesa, ó ní ó dà bí àgùntàn tó há sínú àwọ̀n.

Ó da tíì. Ó gbé e fún Mandana. Mandana ní òun ti mu nílé. Turan ní ti ilé yàtọ̀ sí ti ibí. Mandana ní kí wọ́n má ṣe wàhálà. Turan ní bí kò bá mu ún, kó ka òun sí òkú. Mandana gbà á, ó fi ṣúgà sáàárín eyín, ó fà á mu. Turan wá da òmíràn, ó gbé e súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì bó ti máa ń ṣe.

“Ìyàwó wa, gbà, tíì nìyí.”

“Rárá.”

Ife fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Turan. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé.

“Ta lọkùnrin yẹn?”

Siyamak ní ìyá òun ni, ẹ̀rọ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Turan wo kọ̀ǹpútà, ó wo Golnesa, ó tún wo kọ̀ǹpútà. Ó tún gèlè rẹ̀ wé. Ẹnìkan ti kọ tíì rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó máa dẹ́rù bà á débi pé kò ní mọ ohun tó kàn.

“Àbí o ò mọ ẹni tó ń fi lọ̀ ọ́ ni? Èmi Turan ni. Gbà á, nítorí tèmi.”

Níbẹ̀ ni Golnesa ti rí ojú ihò abẹ́rẹ́ kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ti àkọ́kọ́ yẹn, ọwọ́ òsì ló tún dá a ṣe, ó ti mọ́ ọn lára. Èyí, òun fúnra rẹ̀ ni. Ó rí Mandana tó dúró, tí ìka rẹ̀ tún ti ń lọ sí ara ẹ̀rọ, tó há sókè nínú afẹ́fẹ́. Ó gbé ọwọ́ òsì inú ọkàn rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú gbogbo ẹwà tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ, ó ti ife náà padà.

“Rárá.”

“Mo fi ẹ̀mí mi bẹ̀ ọ́,” ni Turan wí. “Bí o ò bá gbà á, mi ò ní mu tèmi náà.”

Golnesa já òdòdó kan.

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹn-ẹ́n,” ni Turan wí, ó gbé ife sábẹ́ imú rẹ̀. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tuntun kan tó ṣẹlẹ̀. Báyìí ni ìyàwó wọn ṣe ń gba tíì láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ.

Ṣùgbọ́n Mandana ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó jókòó sórí àpótí ẹ̀rọ láìmọ̀. Ó bi Siyamak, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, irú ọ̀rọ̀ tí òun lò lọ́jọ́ yẹn. Siyamak náà ń rántí ọwọ́ tó gbé lé àyà, ó ń rántí *tiyín ni, kò tó nǹkan.* Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí ara rẹ̀.

Turan béèrè ohun tó dé. Wọ́n rò ó fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbé ife kalẹ̀.

“Ẹ̀ẹ̀kan lẹ bi í? Ará Kamsar? Ẹ wá ń di ẹrù?” Ó kọjú sí Siyamak. “Ìwọ, ọmọ tó jẹ́ pé ìyá ẹ kọ̀ títí kí bàbá ẹ tó rí i fẹ́. Ká ní ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n bi í nígbà yẹn, ibo ni ìwọ ìbá wà?”

Mandana ní òun ti mọ àṣìṣe òun, ṣùgbọ́n òun ò láṣẹ láti bi í mọ́, òfin ni. Turan ní òfin yẹn dára, kò sì mú òun. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ Golnesa tí kò gbé lé orí itan ara rẹ̀, ó tún ohùn ṣe. Golnesa mọ ohùn yẹn. Ohùn ìrọ̀ni ni, ohùn tí Turan fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà jíjìn. Ó ti ṣètò ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ìyàwó wa. Ẹ̀rọ onírùngbọ̀n yìí, ṣé o fẹ́ kó dúró tì ọ́?”

Ọwọ́ òsì dìde. Ó dìde bó ti ń dìde láti ayébáyé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pẹ̀lú ìtìjú, ọwọ́ ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa. Golnesa rí i bó ti ń bọ̀. Nínú òkùnkùn yẹn lọ́hùn-ún, ó jókòó lé e lórí. Ó fi gbogbo ìdí rẹ̀ jókòó lé e bí ẹni jókòó lé àpótí tó kún jù. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, láìtijú, bí ọmọ tí kò ní ìyá, ó já òdòdó tó tóbi jù lóko.

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Turan ti la ẹnu láti rọ̀ ọ́. Ẹnu náà wà ní lílà. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó ti tò sílẹ̀ di òfo.

“Ẹ ò rí i,” ló sọ, ó ń fi etí gèlè nu ojú. “Ẹ̀rọ yìí ti ba ìyàwó wa jẹ́. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́.”

Mandana kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn àgbà iṣẹ́ wọn. Wọ́n rán ọkùnrin kan tí kò mọ ilé náà rí wá, ọkùnrin tó le bí igi gbígbẹ. Ó béèrè lọ́nà gbígbẹ, láìkí ẹnikẹ́ni, bóyá ó fẹ́ ẹ̀rọ tàbí kò fẹ́. Golnesa ní òun fẹ́. Monir ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun ò rí àlejò tí kò ní ẹ̀kọ́ báyẹn rí, ó sì bu oúnjẹ fún un ju ti gbogbo èèyàn lọ.

Ilẹ̀kùn ara Golnesa ò ṣí o. Ọwọ́ ò gbé, ẹsẹ̀ ò gbé, ó ṣì wà nínú ilé tí wọ́n kàn pa. Ojú ihò kékeré kan ló rí, ábídí kọ̀ọ̀kan ló sì ń gba ibẹ̀ jáde, bí omi òdòdó tó ń kán sínú ìgò. Àárọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, ó lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó parí. Àwọn ìlà iná á máa rìn lórí ábídí, á máa ṣọ́ èyí tó fẹ́, bí iná bá débẹ̀, á já a. Bó bá ṣì í já, á tì í dànù pẹ̀lú ọwọ́ òsì, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ tò ni orúkọ Siyamak. Ìkejì ni pé kí wọ́n má ti fèrèsé.

Òdòdó ti ń tán lóko lọ́jọ́ Jímọ̀ tí Turan wá, tó da tíì, tó bẹ̀rẹ̀ orin. Golnesa ti tò tirẹ̀ láti àná, ó fi pamọ́ sínú ẹ̀rọ. Turan kọ *jí kí oòrùn tó jí.* Ó kọ *mo ti dé.* Ó dúró díẹ̀, fẹ́rẹ́ báyìí, lẹ́nu ọ̀nà.

Golnesa já òdòdó. Ohùn ọkùnrin ìròyìn náà, láìní orin kankan nínú, gbẹrẹfu bí ẹni ń ka bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, wí pé:

“Má fi ẹ̀gún bá mi jà.”

Turan gbé ife kalẹ̀. Ojú rẹ̀ kún. Ó gbé àgbọ̀n sókè gan-an nígbà tó máa sọ̀rọ̀.

“Kò sí ìlà yẹn nínú orin náà. Abúlé ìyá ẹ lẹ ti mú un wá. Àbí kí n rọ̀ ẹ́ kí o tó gbà?”

“Rárá,” ni Golnesa wí, kì í sì í ṣe táárófù.